Ìyàwó Arúgbó àti Irọ́ Ọdún Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ní ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí àti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn etí kọ́kọ́ pàdé. Ọkùnrin méjì ni ó gbé ẹ̀rọ náà wọlé nínú páálí, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó ru òkú erin. Dókítà àgbà ìgbà náà kó gbogbo àwọn akọ̀wé jọ, ó bi wọ́n pé, "Ta ló lè tẹ̀wé nínú yín láì wo ọwọ́?" Obìnrin yìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, na ọwọ́ sókè. Àwọn yòókù, tí wọ́n gbọ́n jù ú lọ, ń wo ilẹ̀. Dókítà ní, "Ó dáa. Ìwọ ni kí o máa bá wa mójú tó o títí a ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n." Títí di òní olónìí, wọn kò tíì rí ẹni náà.

Ẹ̀rọ náà kò ní orúkọ nígbà tí ó dé. Nígbà tí ó lo ọdún mẹ́wàá, wọ́n ń pè é ní Àgbà. Nígbà tí ó lo ogún, ó di Arúgbó. Ara rẹ̀ tí ó funfun bí ẹfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà. Ojú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Bí a bá tàn án, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á kùn, á dákẹ́ bí ẹni tí ń rántí ibi tí ó fi nǹkan sí, kí ó tó wá la ojú. Dísìkì tí ó ń lò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì rọ̀ bí páálí tí òjò pa. Nígbà tí ó jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ni ó mọ bí a ti ń bá Arúgbó sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wá orúkọ rẹ̀ jìnnà: Ìyàwó Arúgbó.

Ọkọ rẹ̀ gan-an, aránṣọ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé wọn, kò bínú sí i. Bí obìnrin náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Baálé ńkọ́? Ṣé wọ́n jí dáadáa?"

"Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn rán síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó wọn tó ti ya láti oṣù tó kọjá."

"Sọ fún wọn pé ẹni tó ń gbádùn ìyàwó ló ń ra aṣọ."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ lásán ni ó so obìnrin yìí mọ́ ẹ̀rọ náà. Etí ènìyàn ni. Àwọn bí ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ń lo irú ẹ̀rọ ìgbọ́ran kan tí ilé ìwòsàn náà fún wọn láyé ọjọ́un, ohun kékeré tí ó rí bí ẹ̀wà, tí a ń fi há ẹ̀yìn etí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti kógbá wọlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé bí ìkòkò omi gbígbóná, tàbí tí ó dákẹ́ ráúráú, a ní láti fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn Arúgbó, kí Arúgbó tún fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀: báyìí ni etí ọ̀tún lágbájá ṣe ń fẹ́ ohùn, báyìí ni etí òsì. Ìwọ̀n yìí kò sí níbòmíràn. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò gbọ́ èdè rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ ní ihò tí okùn náà lè wọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbọ́ran tuntun ńkọ́? Wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí ó ti ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀; ìgbín tí ó bá gbéra lọ́jọ́ náà ì bá ti dé, ì bá ti sinmi, ì bá sì ti máa múra àtipadà sílé.

Ṣùgbọ́n Arúgbó ní àrùn kan. Ọkùnrin tí ó kọ ètò inú rẹ̀ fi kàlẹ́ńdà sí i. Kàlẹ́ńdà náà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré ni ó kọ síwájú. Ó ní kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn ọ̀gá yóò ti ra èyí tí ó dára jù ú lọ. Ẹni rere ni ọkùnrin náà. Ó ní ìgbàgbọ́ nínú àwọn ọ̀gá. Ó fi ayé sílẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá náà tó pé, ọdún mẹ́wàá sì pé, kò sí ẹni tí ó ra ohunkóhun. Ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún kọkànlá, Arúgbó béèrè ọjọ́ òní gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láràárọ̀. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sí i. Arúgbó kọ ọ́ sójú pé: "Ọjọ́ yìí kò sí nínú kàlẹ́ńdà mi. Ṣé kí n máa lọ bẹ́ẹ̀?" Obìnrin náà ronú pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ òní kò yẹ kí ó máa lọ síbì kankan. Ó tẹ "Rárá."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn ọ̀gá lọ. Wọ́n ní kí ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó fi sùúrù sí i. Nígbà tí ó rí i pé sùúrù kò lè tan kọ̀ǹpútà, ó gba ilé baba rẹ̀ lọ, níbi tí baba rẹ̀ ti ń fi ìṣó kan ṣoṣo kọ́ gbogbo kàlẹ́ńdà ayé rẹ̀ lé ara wọn lórí ògiri. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá ọdún tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ọdún náà mu. Ó rí ọ̀kan tí ó jọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó yà bàrá. Ó rí òmíràn, òun náà yà. Àfi ti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ó bá a mu láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, tí ọdún tí ó tẹ̀lé ti àtijọ́ yìí náà sì tún bá ọdún tí ń bọ̀ mu. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, ó ń wo ojú Arúgbó, ó ń parọ́ fún un pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni a wà. Kí ọjọ́ orí àwọn aláìsàn má baà dojú rú, ó fi oṣù mẹ́ta gbáko yọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kúrò nínú ọdún ìbí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú. Irọ́ méjì sì para pọ̀ di òtítọ́ kan: ẹni ọdún méje ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méje, ẹni àádọ́rin sì jẹ́ ẹni àádọ́rin.

Ó wá gé ìwé pélébé kan, ó kọ "YỌ MÉJÌDÍNLỌ́GBỌ̀N" sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí Arúgbó. Kò kọ ìdí rẹ̀. Ta ni ì bá kọ ọ́ fún? Òun nìkan ni ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, àti pé, kí a má parọ́ fún ara wa bí a ti ń parọ́ fún Arúgbó, ó dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gba ìsinmi, gbogbo ilé ìwòsàn ni yóò máa bi ara wọn pé ìgbà wo ni yóò dé. Ìyà kékeré kọ́ ni kí a máa wá ènìyàn bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ náà kò sì kéré.

Oṣù méje sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé. Ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ ń dán ni, tí ó ń há kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ mọ́ abíyá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Gbólóhùn kan kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde láìsí "ìgbàlódé" nínú rẹ̀: àga ìgbàlódé, ìpàdé ìgbàlódé, ìkíni ìgbàlódé. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìgbàlódé. Ó gbọ́ ọ, ó sì rò pé oríyìn ni. Ó ra ilẹ̀kùn tí ń ṣí ara rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn náà ń ṣí fún afẹ́fẹ́, kì í ṣí fún aláìsàn.

Ọ̀sẹ̀ kan kí wàhálà tó dé, Ìyàwó Arúgbó lọ sí yàrá ẹ̀yìn láti mú nǹkan, ó bá a ní òfìfo. Ó tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tó jọ Arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn dà?"

"Mo ti ní kí wọ́n wá kó wọn dànù. Màámá, òkú ni wọ́n."

"Òkú ni wọ́n lóòótọ́. Ara wọn ni mo ti ń yọ nǹkan fún èyí tó wà láàyè."

"Ilé ìwòsàn ìgbàlódé nìyí o, kì í ṣe ilé òkú."

"Bí èyí tó kù bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a bọ́ nìyẹn."

Ó padà sí yàrá rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ojú Arúgbó, ó sì nù ún ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ ìgbọ́ran ìyá ọkọ rẹ̀ dákẹ́ nídìí oúnjẹ. Ìyá náà, tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ wọn, jẹ́ olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ti kú nítorí pé ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí! Kí ló dé tí ẹ ń la ẹnu bí ẹja?"

Ọmọ rẹ̀ fi ẹfun tí ó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ sórí tábìlì pé: "Ẹ̀rọ yín ló kú. Ìyàwó yín á mú yín lọ lọ́la."

"Lọ́la? Kò burú. Mo ti fara da ìyàwó yìí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ kan péré ò lè pa mí."

Ìyàwó Arúgbó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan náà gan-an ni yóò pa ìyá.

Ó gba àyè pé òun yóò dé ní aago mẹ́wàá. Nígbà tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ dé iwájú ilẹ̀kùn tí ń ṣí ara rẹ̀, tí wọ́n fi èjìká tì í kí ó tó ṣí, ó gbọ́ ariwo kan láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tí ń fi ayùn gé páànù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Arúgbó ni. Ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ó fi ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin tí ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà sì sáré pàdé rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ mà ti dé! Ọ̀gá wà ní yàrá yín o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò Arúgbó sínú ìwé tí wọ́n ń kọ sí àwọn aláṣẹ lókè, pé kí wọ́n gba àwọn láyè láti sọ ọ́ nù. Wọ́n bá tàn án."

"Ta ló ní kí wọ́n tàn án?"

"Wọ́n ní tó bá la ojú ló máa burú dáadáa nínú fọ́tò. Wọ́n wá rí ìwé tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, 'Odindi ilé ìwòsàn, ẹ̀ ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà!' Wọ́n bá tẹ ọjọ́ òní gan-an sí i."

"Ó sì bi wọ́n bóyá kí òun máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Ó bi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi wọ́n. Wọn ò kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe fún gbogbo kọ̀ǹpútà nìyẹn."

Kò sí irọ́ nínú èyí. Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Ìgbàlódé ti dáyé, kò tíì ka ìbéèrè kan tán rí lójú ẹ̀rọ kankan.

Ohun tí Arúgbó ṣe kò le láti yé ènìyàn. A sọ fún un pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá láàárín òru kan, ó sì fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kún ọjọ́ orí gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin rere tí ó kọ ètò náà sì ti pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kí a gbà pé ó ti lọ sinmi: kí a kó orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olóògbé, kí a nu ìwọ̀n etí rẹ̀ nù kí àyè lè gba ẹlòmíràn, kí a sì tẹ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kan fún ẹbí rẹ̀. Ogun kò jà, àrùn kò wọ̀lú, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, gbogbo ẹni tí ó bá ti lé ní ọdún méjìléláàádọ́rin nínú ìwé ilé ìwòsàn náà ni ó kú. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ìyàwó Arúgbó wọ yàrá rẹ̀. Ọ̀gá Ìgbàlódé jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fa ìwé ya bí ó ti ń jáde, ó ń bu ọwọ́ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Màámá, ẹ wò ó! Ẹ̀rọ yín ṣì ní agbára díẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ọ̀gá, lẹ́tà kí lẹ rò pé ẹ̀ ń fọwọ́ sí?"

"Lẹ́tà ìpè ni. Kí àwọn aláìsàn wá fún àyẹ̀wò. Mo tiẹ̀ ti ní kí wọ́n pín díẹ̀ fún àwọn tó wà níta."

Kí obìnrin náà tó lanu, ohùn kan bú jáde láti ibi bẹ́ǹṣì.

"Ta ló pa mí?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà, awò ojú rẹ̀ ní ṣóńṣó imú, ìwé lọ́wọ́, ó nà án síwájú bí ìgbà tí ó ń ka iṣẹ́ olódo sétí kíláàsì.

"Mo ní ta ló pa mí nínú yín? 'Sí ẹbí olóògbé. Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi gbọ́ pé ìyá wa ọ̀wọ́n ti fi ayé sílẹ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.' Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún! Ẹ pa mí, ẹ tún fi ọjọ́ orí kún un! Ta ló fọwọ́ sí i?" Ó wo ìwé náà, ó wo bírò tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. "Ìwọ ni. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Màámá, àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Kí lò ń sọ? Mi ò gbọ́. Mo ti kú!"

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yára jáde lọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Arúgbó kò rẹ́rìn-ín. Ó ti pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ti dá ọdún Arúgbó padà sẹ́yìn, ó ń wo ìwé àwọn olóògbé. Orúkọ wọn pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìwọ̀n etí yẹ kí ó wà, òfo ni. Etí mọ́kànlélọ́gọ́ta ènìyàn ti lọ, ti ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ṣàlàyé fún ọmọdé pé ẹyẹ tí ó fún pa kò ní fò mọ́. Ọ̀gá wo àwọn lẹ́tà tí ó ti fọwọ́ sí. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan?"

Ẹ̀dà wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni Ìyàwó Arúgbó ti ń da gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà sórí dísìkì mẹ́fà, tí ó ń kó wọn lọ sílé sínú agolo tí ọkọ rẹ̀ ń kó bọ́tìnnì sí. Ó tẹ ọkọ rẹ̀ láago. Kò pẹ́ tí aránṣọ fi dé, téèpù ìwọ̀n lọ́rùn, agolo lábẹ́ apá.

"Mo gbọ́ pé baálé ya wèrè."

"Wọ́n ti pa ìyá yín."

"Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láti títì. Òkú yìí le."

Obìnrin náà ti dísìkì àkọ́kọ́ bọ ẹnu Arúgbó. Arúgbó kùn, ó kùn, ó sì dákẹ́. Ó tún un ṣe. Dísìkì náà kò yí. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tú nọ́ọ̀tì ara rẹ̀, ó yọ ẹnu náà jáde. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí ó ń yí dísìkì lábẹ́ ẹnu náà ti rọ̀, ó ti fẹ̀, ó rọ̀ dirodiro bí ìbàdí ṣòkòtò àgbàlagbà. Irú rẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú àwọn òkú ẹ̀rọ yàrá ẹ̀yìn tí ọ̀gá ní kí wọ́n kó dànù. Ó gbé ojú sókè wo ọ̀gá. Ọ̀gá mọ ohun tí ó ń wò. Ó yára fa kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ rẹ̀ yọ.

"Ẹ jẹ́ kí n wá a lórí ayélujára. Ohun gbogbo ló wà níbẹ̀." Ó wá a, ó wá a. "Mo rí i! Ọ̀kan ló kù lágbàáyé. Yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ṣé ti ìgbàlódé ni?" aránṣọ béèrè.

Ọ̀gá há kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ rẹ̀ padà mọ́ abíyá.

"Rọ́bà," aránṣọ ní, ó gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fà á wò. "Ṣé rọ́bà yìí ló ń da gbogbo ilé ìwòsàn láàmú? Kí ni mo ń rán sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Ó fi téèpù wọn ibi tí rọ́bà ń gbà yí ká. Ó ti àpò rẹ̀ fa rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì yọ, ó fi abẹ la á sí wẹ́wẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń rán an, ó sì ń fi ẹfun kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì fún ìyá. Kò fi etí kan lé èkejì lórí bí ti síkẹ́ẹ̀tì. Ó fi orí kan orí, ó fi òwú tín-ín-rín so wọ́n. "Tó bá ní kókó, á máa fò. Tí baálé bá ń fò, kò ní lè kàwé."

Àkọ́kọ́ fún jù. Dísìkì yí bí òòyì, ìsọkúsọ ni Arúgbó sì kà jáde. Ó tú u, ó wọn ọ́n, ó rán òmíràn. Èyí ṣe wẹ́kú.

Ìyàwó Arúgbó dìde kúrò lórí àga. "Ọ̀gá, ẹ jókòó."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ohun tó bá bi yín, ẹ kà á sókè."

Ọ̀gá Ìgbàlódé jókòó. Ojú rẹ̀ súnmọ́ ojú Arúgbó. "'Ṣé kí n kọ ti ọjọ́ Ẹtì lé ti òní lórí?'"

"Kí la máa sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ ronú ná."

Ó ronú. Gbogbo yàrá ń wò ó bí ó ti ń ronú. Kò jọ ohun tí ó mọ́ ọn lára. "Ti òní ni ó ti bàjẹ́. Ti ọjọ́ Ẹtì ló dára. Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Dísìkì mẹ́fà, ìbéèrè mẹ́rìnlélógún, ọ̀gá sì ka gbogbo rẹ̀ sókè láìfo ọ̀kan. Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, olóògbé mọ́kànlélọ́gọ́ta ti jí dìde, oníkálukú pẹ̀lú etí rẹ̀.

Wọ́n fi okùn so ẹ̀rọ ìgbọ́ran ìyá mọ́ ẹ̀yìn Arúgbó. Arúgbó wúkọ́, ó kùn, iná kékeré kan ṣẹ́jú. Ìyàwó Arúgbó fi í há ẹ̀yìn etí ìyá ọkọ rẹ̀, ó dúró. Ìyá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ariwo kí nìyẹn?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná, kò pariwo.

"Arúgbó ni, Màámi. Bó ṣe máa ń kùn nìyẹn."

"Ó dà bí bàbá ọkọ rẹ bí ó bá sùn." Ó gbọ́ ọ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó na ìka sí ìwé pélébé iwájú orí Arúgbó. "Ìyàwó mi, ta ló kọ ìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

"'Yọ méjìdínlọ́gbọ̀n.' Ọmọ ilé ìwé tó bá kọ ìdáhùn láì kọ bó ṣe rí i, mélòó ni mò ń fún un?"

"Òdo, Màámi."

"Òdo. Ọ̀gá yìí tẹ̀ láì kà. Ìwọ kọ láì ṣàlàyé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pa mí, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni."

Aránṣọ ń wo òrùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Ìyàwó Arúgbó kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa Arúgbó: ìdí tí a fi ń parọ́ fún un, bí a ti ń parọ́ ọ̀hún, àti ohun tí òtítọ́ lè dá sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi bírò pupa gbà á wò, ó fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó ní kí ó lọ tún un kọ. Èkejì ni ó gba mẹ́jọ. Òun ni ó wà lára ògiri lónìí, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà sì ti há a sórí.

Ọ̀gá Ìgbàlódé náà kọ ìwé tirẹ̀ sókè. Ó kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn òun ṣe ìdánwò ìgbàlódé lórí bí a ti lè gba ìwé aláìsàn padà nígbà ìjàm̀bá, ìdánwò náà sì yọrí sí rere. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya á ní fọ́tò. Kò dárúkọ rọ́bà, kò dárúkọ aránṣọ, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ àtisọ Arúgbó nù mọ́. Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà ti jáde kí a tó lè dá wọn dúró. A gbọ́ pé bàbá kan fi tirẹ̀ sínú férémù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, á nawọ́ sí ara ògiri, á ní kí wọ́n má bínú, òun ti kú.

Arúgbó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà síkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe rọ́bà ẹ̀rọ. Ó ń rọ̀ ní oṣooṣù, aránṣọ sì rán ẹ̀kẹrin ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bí ẹnu náà bá kú pátápátá, dísìkì mẹ́fà inú agolo bọ́tìnnì yóò di páálí lásán, etí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn yóò sì máa dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan bá wà nílé yín, lábẹ́ ibùsùn tàbí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ń gba dísìkì tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, bí ó tilẹ̀ ti kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn etí, yàrá ìkẹyìn lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sì fi lé Ìyàwó Arúgbó lọ́wọ́.